Ọkọ̀ oníná kò tíì dé, wọ́n ti ń gba àsansílẹ̀: ṣé kí àbúrò mi san án?

Ní àárọ̀ Sátidé kan, àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ àǹtí mi wá bá mi nílé ní Ọ̀gbà. Iṣẹ́ alẹ́ ló ti ń bọ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Ọba Akran, ní Ìkẹjà, ló ń bá ṣiṣẹ́, bùútù iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Kò tíì jókòó tó fi na fóònù sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Aago méjìlá òru òní ni wọ́n máa tì í pa."

Ìpolówó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni. Ọkọ̀ oníná ni, kò ní ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo, bátìrì ló ń gbé e rìn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ náà kò tíì wọ Nàìjíríà, àmọ́ ẹni tó bá san 500,000 náírà báyìí máa wà lára àwọn 200 ènìyàn àkọ́kọ́ tí wọ́n máa kó o fún. Aago kan wà nísàlẹ̀ ìpolówó náà tó ń ka wákàtí padà sẹ́yìn.

"Èló ló wà lọ́wọ́ ẹ?" ni mo bi í.

"Mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Owó tí mo yá ní kóòpù ibi iṣẹ́ wa àti owó àjọ ìyàwó mi ni."

"Ìyàwó ẹ mọ̀ sí i?"

Ó wo ilẹ̀. "Mo fẹ́ kó jẹ́ sọ̀páráìsì ni."

Kó tó di pé mo sọ̀rọ̀, ó ti ń ṣàlàyé. "Ẹ̀gbọ́n, epo ti fẹ́ẹ̀ pa àwọn tó ń fi ọkọ̀ wọn ṣe Bolt. Tí mo bá tètè gba èyí, mo máa fi ṣe takisí, mi ò ní ra epo mọ́ láyé mi. Màá fi iṣẹ́ fáátìrì sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń jẹ."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síbí torí mo mọ̀ pé kì í ṣe àbúrò mi nìkan ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ̀yin náà ti rí irú ìpolówó bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì nínú yín ti tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀, ó kù kó fi nọ́ḿbà ATM sí i. Kí n sọ èrò mi kó tó di pé mo ṣàlàyé ẹ̀: mi ò lòdì sí ọkọ̀ oníná, mo sì gbà pé ó ń bọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ oṣù ní Ìkẹjà tàbí Agége, tí owó tó fẹ́ san náà jẹ́ owó tí kò gbọ́dọ̀ sọnù, kò yẹ kó wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ tò sí ìlà yìí. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Níbi tí àbúrò mi ti sọ òótọ́

Ọ̀rọ̀ epo tó sọ kì í ṣe àsọdùn. Kí Ààrẹ Tinubu tó kéde lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà ní Èkó. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kan 1,000 náírà. Ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ jẹun mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ju èmi tí mò ń fi kọ̀ǹpútà jẹun lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò. Hyundai Kona oníná tí ilé iṣẹ́ Stallion gbé jáde ní Èkó níparí ọdún 2020 ni ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Bátìrì ẹ̀ gba kílówáàtì wákàtí 64, wọ́n sì ní bó bá kún, ó lè rin kìlómítà 482. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí àjọ NERC fowó kún iná àwọn tó wà ní Band A, 225 náírà ni wọ́n gé e sí fún kílówáàtì wákàtí kan. Ìsọdipúpọ̀ 64 àti 225 jẹ́ 14,400 náírà. Ká tiẹ̀ ní iná díẹ̀ ṣòfò nígbà tí a ń ṣáàjì, kò ní ju 17,000 lọ. Ọkọ̀ bẹntiróòlù tó ń jẹ lítà 10 ní kìlómítà 100 máa jẹ lítà 48 kó tó rin ìrìn yẹn. Tí lítà bá jẹ́ 1,000 náírà, ó di 48,000.

Nǹkan bí ìdá mẹ́ta owó epo nìyẹn. Kò sì sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a máa pààrọ̀, kò sí pílọ́ọ̀gì, kò sí kábúrétọ̀ tí mẹkáníìkì máa tú. Tí wọ́n bá bi mí bóyá ọkọ̀ oníná dáa, màá ní ó dáa. Ṣùgbọ́n ohun tí àbúrò mi fẹ́ rà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọkọ̀. Ààyè lórí ìlà ló fẹ́ rà.

Àwọn tó ń tò lókè òkun, kí ni wọ́n ń tò fún?

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ayé ló ń ṣe é," ló sọ fún mi. Òótọ́ ni. Nígbà tí Tesla kéde Model 3 lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2016, àwọn ènìyàn ti tò síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn kí wọ́n tó ṣí aṣọ lójú ọkọ̀ náà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan san 1,000 dọ́là fún ohun tí kò tíì fojú rí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó fi orúkọ sílẹ̀ ti lé ní 325,000.

Àmọ́ ẹ wo ìdí tí wọ́n fi sáré. Èkíní, owó yẹn ṣeé gbà padà. Ẹni tó bá yí ọkàn padà á gba 1,000 dọ́là ẹ̀. Èkejì, ìjọba Amẹ́ríkà nígbà náà máa ń dín tó 7,500 dọ́là kù nínú owó orí ẹni tó bá ra ọkọ̀ oníná, ṣùgbọ́n tí ilé iṣẹ́ kan bá ti ta 200,000 nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àǹfààní yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Tesla dé orí iye yẹn ní oṣù Keje ọdún 2018. Nígbà tó fi di oṣù Kìíní ọdún 2019, ó ti di 3,750. Nítorí náà, ẹni tó wà níwájú lórí ìlà ní owó gidi tó fẹ́ jẹ níbẹ̀.

Níbí ńkọ́? Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọkọ̀ oníná wà lára ohun tí wọ́n yọ owó orí VAT kúrò lórí ẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé nìkan ni. Ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ẹgbẹ̀rún, bákan náà ni. Kí wá ni àbúrò mi fẹ́ fi sísáré jẹ?

Níbi tí ìlà tiẹ̀ lérè náà, ẹ wo bí ojú àwọn ènìyàn ṣe rí. Ọkọ̀ Model 3 ọgbọ̀n péré ló kọ́kọ́ jáde ní oṣù Keje ọdún 2017. Èyí tí wọ́n ní owó ẹ̀ máa jẹ́ 35,000 dọ́là, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tìtorí ẹ̀ tò, oṣù Kejì ọdún 2019 ló tó ṣeé rà. Ọdún mẹ́ta ku díẹ̀ nìyẹn. Cybertruck tí wọ́n kéde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, 100 dọ́là ni wọ́n fi ń fi orúkọ sílẹ̀, wọ́n ní iye ẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ láti 39,900. Nígbà tó jáde lóṣù Kọkànlá ọdún 2023, 60,990 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Roadster tuntun tí wọ́n kéde ní 2017, tí wọ́n gba 50,000 dọ́là àsansílẹ̀ lé lórí, tí wọ́n ní 2020 ló ń bọ̀, ọdún 2024 parí, kò sí oníbàárà kankan tó tíì rí i gbé wálé.

Ilé iṣẹ́ ńlá tó là á já nìyẹn o. Àwọn tí kò là á já ńkọ́? Ní Jámánì, ilé iṣẹ́ Sono Motors gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn fún ọkọ̀ Sion, èyí tí wọ́n fẹ́ fi oòrùn ṣáàjì. Àwọn tó fi orúkọ sílẹ̀ ju 40,000 lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, ilé iṣẹ́ náà jáde pé àwọn ò ṣe ọkọ̀ náà mọ́. Kí oṣù Karùn-ún tó parí, wọ́n ti wà níwájú ilé ẹjọ́ nítorí gbèsè. Fisker ní Amẹ́ríkà náà wọ gbèsè ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, lẹ́yìn tí àwọn kan ti ń wa ọkọ̀ wọn kiri. Yorùbá ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kòtò yìí ti gba ènìyàn púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ káàdì SIM ọdún 2001

Mo gbọ́ ẹni tó ń sọ pé, "Lọ́yà, ẹ̀yin náà ni ẹ máa ń bẹ̀rù nǹkan tuntun." Rárá o. Mo rántí oṣù Kẹjọ ọdún 2001, nígbà tí Econet àti MTN gbé fóònù GSM wọ̀lú. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Bàbá mi ní àbúrò kan tó jẹ́ kọ́ńtírákítọ̀ omi-ẹ̀rọ ní Agége. Òun ló kọ́kọ́ ní fóònù lójúlé wa. Owó ribiribi ló fi ra káàdì SIM, nígbà tí ìṣẹ́jú kan jẹ́ 50 náírà. Bó o sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré, owó ìṣẹ́jú kan ni wọ́n máa gé. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, Glo dé pẹ̀lú owó ìṣẹ́jú-àáyá. Àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, SIM di ohun tí wọ́n ń há fún ènìyàn lábẹ́ agboòrùn lójú títì.

Ẹlòmíì á ní bàbá náà jẹ̀bi, ó yẹ kó dúró. Bàbá náà kò kábàámọ̀ títí dòní. Ó ní àwọn oníbàárà tó pè é láàárín ọdún méjì yẹn ló sọ òun di ọ̀gá. Mo gba ọ̀rọ̀ ẹ̀ gbọ́. Kíkọ́kọ́ dé lè lérè.

Àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Ọjọ́ tí bàbá náà sanwó ni fóònù ẹ̀ dún. Ó san owó gọbọi, ó sì mú ọjà lọ sílé lọ́jọ́ náà. Kò sanwó kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ síbì kan. Láti tètè ra nǹkan yàtọ̀ sí láti tètè sanwó nǹkan. Ìpolówó máa ń pa àwọn méjèèjì pọ̀ lójú wa bíi pé ọ̀kan ni wọ́n.

Náírà àti dọ́là

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Kona. Nígbà tó jáde, ọ̀gá àjọ NADDC nígbà náà, Jelani Aliyu, ọmọ Nàìjíríà tó ya àwòrán Chevrolet Volt ní Amẹ́ríkà, wà á fúnra ẹ̀. Mílíọ̀nù 24 náírà ni wọ́n pe owó ẹ̀. Dọ́là nígbà náà jẹ́ nǹkan bí 400 náírà lọ́jà ìjọba, nítorí náà, ọkọ̀ náà jẹ́ nǹkan bí 60,000 dọ́là. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, báńkì àpapọ̀ tú okùn náírà sílẹ̀. Lọ́dún 2024, dọ́là kan ti lé ní 1,500 náírà. 60,000 dọ́là kan náà di mílíọ̀nù 90 náírà. Ọkọ̀ kò yí padà o. Náírà ló yí padà.

Nítorí náà, tí ìpolówó bá sọ pé "owó ẹ̀ kò ní ga ju báyìí lọ", ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ní owó wo? Tí ó bá jẹ́ dọ́là ni wọ́n dì mọ́, náírà tìrẹ lè di ìlọ́po méjì kí ọkọ̀ tó dé. Tí ó bá jẹ́ náírà ni wọ́n dì mọ́, ta ló máa gbé àdánù náà tí dọ́là bá fò? Oníṣòwò tí kò ní owó lẹ́yìn kò lè gbé e. Ó máa wá ọ̀nà yọ nínú àdéhùn ni, tàbí kó má kó ọkọ̀ náà wọlé rárá. Ẹ ò ní rí i kà nínú ìpolówó. Inú àwọn lẹ́tà kéékèèké ìsàlẹ̀ ló máa ń wà.

Ta ló ní sọ́kẹ́ẹ̀tì?

Mo bi àbúrò mi pé, "Níbo lo ti máa ṣáàjì ẹ̀?" Ó ní, "Nílé ni." Ilé wo? Yàrá méjì ló gbà lẹ́yìn Pen Cinema, ní òkè. Ìdílé mẹ́fà ló wà lórí mítà kan. Tí ìyá kan bá fi ìgbóná omi sí iná, ìjà ti dé nìyẹn. Ẹ wá fojú inú wo wáyà tó sọ̀ kalẹ̀ láti ojú fèrèsé, tó gba orí gọ́tà kọjá lọ sára ọkọ̀ lójú títì, kí lánlọ́ọ̀dù sì jí láàárọ̀ bá a níbẹ̀.

Ká tiẹ̀ ní lánlọ́ọ̀dù gbà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri lásán máa ń fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bíi kílówáàtì 2.3. Àdúgbò tó wà ní Band A, tí iná gbọ́dọ̀ tó wákàtí 20 lójúmọ́, lè fi ọjọ́ kan ààbọ̀ kún bátìrì Kona. Àdúgbò tó wà ní Band E, tí wákàtí mẹ́rin ni tiwọn, máa fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko kún un. Takisí tó ń rin kìlómítà 200 lójúmọ́ nílò iná bíi wákàtí 11 tàbí 12 láti fi dá ohun tó jẹ padà. Ìyẹn ni gbogbo wákàtí tí Band C ń rí. Wákàtí yẹn sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí alẹ́, nígbà tí ọkọ̀ wà nílé. Tí wọ́n bá mú iná wá lọ́sàn-án nígbà tí ọkọ̀ wà lójú ọ̀nà Màrínà, àǹfààní wo ló ṣe? Ẹni tó bá sì tan jẹnẹrétọ̀ bẹntiróòlù láti fi ṣáàjì ti padà sí ilé epo tó ní òun ti bọ́ níbẹ̀.

Àwa tí a dàgbà ní ìhà ibí mọ ohun tí iná lè ṣe fún ilé iṣẹ́. Dunlop wà ní Ọba Akran fún ọ̀pọ̀ ọdún, táyà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ní ọdún 2008, wọ́n dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró, owó iná àti agbára sì wà lára ohun tí wọ́n ń ké lé lórí. Ọ̀pọ̀ fáátìrì tó ṣẹ́kù ní Ìkẹjà ló gbé ọ̀pá gáàsì wọlé, tí wọ́n ń ṣe iná fúnra wọn. Tí fáátìrì kò bá lè gbọ́kàn lé wáyà ìta, kí ni takisí máa fi ṣe é?

Ohun tí òfin sọ

Ibi tí ìwé tí mo kà ti wúlò díẹ̀ nìyí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní èdè tó yé gbogbo wa.

Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní FCCPA, ti ọdún 2018. Òun ló gbé àjọ FCCPC dúró, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà. Abala 120 inú ẹ̀ sọ pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé ohunkóhun tó bá ti fi orúkọ sílẹ̀ fún tàbí tó ti ní kí wọ́n bá òun mú wá. Ilé iṣẹ́ lè yọ owó ìfagilé, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tó bójú mu. Nítorí náà, tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé "owó tí a bá ti san kò ṣeé gbà padà", kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀ nìyẹn. Abala 127 pẹ̀lú kò fàyè gba àdéhùn tó bá ń rẹ́ oníbàárà jẹ. Abala 114 ní kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè tó lè yé ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún.

Tí wọ́n bá kọ̀ láti dá owó padà, kóòtù ẹjọ́ wẹ́wẹ́ wà ní Èkó láti ọdún 2018. Gbèsè tí kò bá ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Lẹ́tà ni wà á kọ́kọ́ kọ láti béèrè owó ẹ, kó o tó pe ẹjọ́. Òfin ibẹ̀ ní kí wọ́n gbìyànjú láti parí ẹ̀ láàárín 60 ọjọ́. Kò pọn dandan kó o gba lọ́yà. Mo ń ba oúnjẹ ara mi jẹ́ bí mo ṣe ń sọ èyí, àmọ́ òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì ẹ̀, torí òun ni wọn kì í sọ. Bó o bá san àsansílẹ̀ fún ọkọ̀ tí wọn ò tíì ya sọ́tọ̀ fún ẹ, tí kò ní nọ́ḿbà tó jẹ́ tìrẹ, kò tíì di tìrẹ lójú òfin. Tí ilé iṣẹ́ náà bá wọ gbèsè, báńkì tó ní dúkìá wọn lọ́wọ́ ló máa kọ́kọ́ jẹ. Ìwọ tó san 500,000 máa wà lẹ́yìn pátápátá, ní ìlà mìíràn tó tún gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Adájọ́ lè dá ẹ láre, àmọ́ àpò òfìfo kò ní owó tó fẹ́ yọ fún ẹ.

Kí ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù

Mo mú bébà, mo kọ ìbéèrè márùn-ún fún àbúrò mi. Mo ní kó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe ìpolówó náà, kí wọ́n sì kọ èsì ẹ̀ padà, kì í ṣe kí wọ́n pè é.

Ìkíní, àkáǹtì ta ni owó ń lọ? Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́, kì í ṣe ti ẹnì kan. Kó sì yẹ orúkọ ilé iṣẹ́ náà wò lórí ìkànnì CAC. Ìkejì, tí mo bá fagi lé e, èló ni wọ́n máa yọ, ọjọ́ mélòó ni mo máa fi gba ìyókù? Ìkẹta, náírà ni àbí dọ́là ni owó ọkọ̀ yìí dì mọ́? Ìkẹrin, ọjọ́ wo ni ọkọ̀ máa dé, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ tí ọjọ́ yẹn bá kọjá?

Ìkarùn-ún ni mo dúró lé jù: tí bátìrì bá bàjẹ́, ta ló máa pààrọ̀ ẹ̀? Ẹ má fojú kékeré wo èyí. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Hyundai fúnra wọn kéde pé àwọn máa pààrọ̀ bátìrì nínú ọkọ̀ oníná tó tó 82,000 káàkiri ayé, Kona ló pọ̀ jù nínú wọn, torí ó ṣeé ṣe kí ó gbiná. Àwọn tó tètè ra ọkọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bá irú àléébù bẹ́ẹ̀ pàdé. Hyundai ní owó láti tún un ṣe. Onípolówó orí fóònù ńkọ́? Ọjà Ládípò tó ní gbogbo nǹkan, ṣé ẹ máa rí bátìrì yẹn rà níbẹ̀?

Ta wá ni kó kọ́kọ́ san?

Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní sí ẹni tó máa tẹ̀ lé e. Mo gbà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹni tó lè gba ìpalára. Ẹni tó ní ọkọ̀ mìíràn nílé, tó ní ibi tó ń gbé e sí, tó ní sólà lórí ilé, tí 500,000 bá sọnù lọ́wọ́ ẹ̀, á bínú, á sì tún jẹun lálẹ́. Tàbí kó jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá àti ìjọba. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Oando àti LAMATA kó bọ́ọ̀sì oníná wọ Èkó láti fi dán an wò. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: kí ẹni tó lówó fi owó ẹ̀ wádìí bí bátìrì ṣe ń ṣe nínú ooru wa àti nínú gò-ṣíló wa.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ilé iṣẹ́ Spiro ń fi ọ̀kadà oníná ṣiṣẹ́. Ọlọ́kadà kò jókòó ti ṣáàjì. Tí bátìrì bá kú, á yà sí ibùdó wọn, á gbé èyí tó ti kú sílẹ̀, á gbé èyí tó kún, á máa bá tiẹ̀ lọ. Wàhálà bátìrì wà lọ́rùn ilé iṣẹ́, kò sí lọ́rùn ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́. Tí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wa fún takisí, èmi fúnra mi máa sin àbúrò mi lọ.

Ìparí ọ̀rọ̀ àbúrò mi

Ó fi ìbéèrè márààrún ránṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n dáhùn méjì kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ní owó kò ṣeé gbà padà, wọ́n sì ní ọkọ̀ máa dé "láìpẹ́". Orúkọ ènìyàn kan ló wà lórí àkáǹtì náà. Nípa náírà àti dọ́là, wọn ò fèsì. Nípa bátìrì, wọ́n fi àwòrán ọkọ̀ náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Aago méjìlá òru kọjá, kò san án. Inú ẹ̀ kò dùn sí mi, ó sì sọ ọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún fi ìpolówó kan náà ránṣẹ́ sí mi. Aago ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní tuntun, àwọn 200 àkọ́kọ́ kò tíì pé, aago méjìlá òru ni wọ́n tún máa tì í.

Ó ti sọ fún ìyàwó ẹ̀. Mi ò ní sọ ohun tí ìyàwó wí níbí. Owó àjọ ti padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Owó kóòpù ṣì wà nílẹ̀, ó ń wo kẹ̀kẹ́ Márúwá tòkunbọ̀ kan ní Ìjú, èyí tó lè fojú rí, tó sì lè wà kó tó sanwó.

Mo lè ṣìnà o. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ yẹn dé lóòótọ́, kí àwọn tó san lọ́jọ́ yẹn máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ wa ní Agége Motor Road. Àbúrò mi ti sọ fún mi pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, èmi ni mo máa sanwó reluwé ẹ̀ láti Agége sí Ìkẹjà, lójoojúmọ́, títí yóò fi ra tiẹ̀. Mo ti gbà.